Ọ̀rọ̀ àwọn gbajúmọ̀ tó bí ọmọ ọlọ́tísíìmù: èwo ni ká mú lò, èwo ni ká fi sílẹ̀?

Ìyá Bódìjà

Ẹ̀yin òbí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò rí ẹni bá sọ ọ́ nílé. Àkọ́bí mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́rin ààbọ̀. Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́ta ni wọ́n sọ fún wa pé ọ́tísíìmù ni, ìyẹn pé ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀. Ẹ lè pè é títí, kò ní wẹ̀yìn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí ìgò mínírà ní yàrá kejì, á ti dé ibẹ̀. Àwọn ìdérí yẹn ló fi ń ṣeré. Á tò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ àga, pupa lọ́tọ̀, aláwọ̀ ewé lọ́tọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹsẹ̀ kan ẹyọ kan nínú wọn, ilé ò ní rójú títí dalẹ́.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin á pé oṣù mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, abẹ́rẹ́ èéyi ló sì kàn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní Houston wá fi fídíò kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Òṣèré òyìnbó kan, Jenny McCarthy, ló wà nínú rẹ̀. Ó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ló kó bá ọmọ òun, àti pé oúnjẹ àti àwọn nǹkan mìíràn tí òun fún un ló wò ó sàn. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkọ mi ti ní a ò ní gbé ọmọ kejì lọ. Ó ní, "Ṣé obìnrin yẹn á parọ́ mọ́ ọmọ tó bí ni?" Mi ò rí èsì fún un.

Ọ̀rọ̀ kejì rèé. Olóòtú ètò kan lórí rédíò níbí fẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ lóṣù kẹrin, kí n sì mú ọmọ náà dání kí wọ́n lè ya fídíò rẹ̀ sórí Facebook. Ó ní bí àwọn gbajúmọ̀ ìlú òyìnbó ṣe ń ṣe é nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí ayé mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Òṣogbo

Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ọlọ́run á dá wọn sí fún yín. Ẹ jẹ́ kí n mú ti abẹ́rẹ́ ṣáájú, torí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ò jìnnà. Ẹ gbé ọmọ yẹn lọ gbabẹ́rẹ́.

Ẹ má bá ọkọ yín jà. Ìbéèrè gidi ló bèèrè, ó sì yẹ ká dá a lóhùn. Mi ò rò pé obìnrin yẹn parọ́ mọ́ ọmọ rẹ̀. Ó rí ọmọ tó ń yí padà lójú rẹ̀, ó ń wá ohun tó fà á, ohun tọ́wọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà ló sì dì mú. Bí àkùkọ bá kọ tí ilẹ̀ mọ́, àkùkọ kọ́ ló mú ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọmọ bá lé díẹ̀ lọ́dún kan ni wọ́n máa ń gún abẹ́rẹ́ MMR, èyí tí ti èéyi wà nínú rẹ̀, lọ́dọ̀ wọn, ìgbà yẹn gan-an ni òbí sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ọmọ ò wojú èèyàn, pé ọ̀rọ̀ ò yọ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn méjèèjì kàn pàdé lójú ọ̀nà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá rèé. Lóṣù kejì ọdún 1998, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Andrew Wakefield gbé ìwádìí kan jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, tó fi so abẹ́rẹ́ MMR mọ́ ọ́tísíìmù. Ọmọ 12 péré ló wà nínú ìwádìí náà. Akọ̀ròyìn kan, Brian Deer, wá tú u síta pé Wakefield ti gba owó lọ́wọ́ lọ́yà tó fẹ́ pe àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ náà lẹ́jọ́. Lọ́dún 2010, The Lancet fa ìwé náà yọ, wọ́n sì yọ orúkọ Wakefield kúrò nínú ìwé àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Denmark ní tiwọn tọpasẹ̀ ọmọ 657,461, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2019. Ọ́tísíìmù ò pọ̀ lára àwọn tó gbabẹ́rẹ́ ju àwọn tí kò gbà lọ.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gbalẹ̀ ju ìwádìí lọ. Ọdún 2007 ni McCarthy jókòó sórí ètò tẹlifíṣọ̀n Oprah ní Amẹ́ríkà, tó sọ pé Google ni yunifásítì tóun ti kẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti òṣèré Jim Carrey tí wọ́n jọ ń fẹ́ra nígbà náà kó èrò jáde ní Washington pé kí wọ́n yọ májèlé kúrò nínú abẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ jù, mẹ́kúrì, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ ọmọdé ní Amẹ́ríkà láti 2001. Iye ọmọ tí wọ́n ń rí ọ́tísíìmù lára wọn ò tìtorí rẹ̀ dín kù.

Èéyi ni mo mọ̀ ní tèmi. Mo ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù tí ọmọ mẹ́ta wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan, ojú wọn pọ́n, wọn ò lè wo iná, ẹnu wọn bó débi pé wọn ò lè fa ọyàn. Ìyá kan ń fi òwú tó rẹ sómi nu ètè ọmọ rẹ̀ láti àárọ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ṣì ń nu ún, ọmọ náà sì ti lọ. Kò tíì gbabẹ́rẹ́ kankan rí.

Ẹ tún sọ eléyìí fún ọkọ yín. Bí rubella, àìsàn kan tó jọ èéyi, bá mú aláboyún, ó lè ba ojú, etí àti ọkàn ọmọ inú rẹ̀ jẹ́, ọ́tísíìmù náà sì wà lára ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Lọ́dún 2025 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ rubella pọ̀ mọ́ ti èéyi.

Bàbá Ìjẹ̀bú

Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin kan dá sí i.

Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún méje báyìí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń sọ pé kò sóhun tó ṣe é. Mo ní bàbá mi náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Mo ní ìyá rẹ̀ ló kẹ́ ẹ bà jẹ́. Mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di orí ọmọ náà mú, mo ń pariwo pé "Wò mí! Wò mí!" Ó ń sunkún, èmi náà ń gbọ̀n. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀.

Ọjọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo jókòó ti mẹkáníìkì tó ń tún mọ́tò mi ṣe, mo wá ń ka nǹkan lórí fóònù. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Rodney Peete. Agbábọ́ọ̀lù ni, bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ jù yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ni Holly Robinson Peete tó jẹ́ òṣèré. Aláwọ̀ dúdú ni àwọn méjèèjì. Wọ́n bí ìbejì lọ́dún 1997, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Lọ́dún 2000, wọ́n sọ fún wọn pé RJ, ìyẹn ọkùnrin inú wọn, ní ọ́tísíìmù. Dókítà wá ń ka ohun tí kò ní lè ṣe sí wọn létí: kò ní dédé bá èèyàn sọ̀rọ̀, kò ní lè bá ẹgbẹ́ ṣeré, kò ní lè sọ fún wọn pé òun fẹ́ràn wọn. Holly ṣì ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn títí dòní.

Èyí tó mú mi lọ́kàn ni pé Rodney fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé òun sá. Ó ní òun kọ̀ láti gbà, òun rò pé tí òun bá le mọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń le mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, á ṣe dáadáa, ọ̀rọ̀ náà sì dá wàhálà sílẹ̀ láàárín òun àti ìyàwó òun. Mo kà á tán, mo pa fóònù. Mẹkáníìkì bi mí pé ṣé kò sí. Àṣé ọkùnrin tó tóbi tó báyẹn náà ṣe ohun tí mò ń ṣe.

RJ ti di géńdé báyìí, ó sì ti rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ Los Angeles Dodgers, ẹgbẹ́ tó ń gbá baseball, ó ń bá wọn tọ́jú yàrá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń múra.

Ìyá Bódìjà, ẹ má fi ti abẹ́rẹ́ bá ọkọ yín bẹ̀rẹ̀. Ìtàn bàbá yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún un. Ọkùnrin tó ń wá ohun tó máa dá lẹ́bi, ẹ̀rù ló ń bà á. Tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, mo wà ńlẹ̀.

Ìyá Bódìjà

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka ti yín sókè létí rẹ̀ lálẹ́ àná. Kò fèsì, àmọ́ kò dìde kúrò níbẹ̀.

Ìyá Àánú, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ ká rántí ara wa náà. Toni Braxton, olórin yẹn, kọ ọ́ sínú ìtàn ayé rẹ̀ lọ́dún 2014 pé nígbà kan òun gbà pé Ọlọ́run ló fi ọ́tísíìmù ọmọ òun jẹ òun níyà, torí oyún tí òun ti ṣẹ́ sẹ́yìn. Mo sunkún nígbà tí mo gbọ́ ọ. Èmi ò ṣẹ́yún o, ṣùgbọ́n mo ti bi ara mi léèrè gbogbo rẹ̀: ṣé torí pé mo rìn lọ́sàn-án gangan nínú oyún ni, ṣé torí ìjà èmi àti ìyá ọkọ mi ni? Wọ́n ní emèrè ni. Wọ́n ní kí n wá jẹ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ṣe rí i, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ìyá fẹ́ jẹ́wọ́ nínú ẹ̀.

Ẹni tó bá tìtorí pé ó lókìkí sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn síta, kí obìnrin mìíràn lè mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló rò ó, ó ṣe mí lóore.

Ìyá Onísọ́ọ̀bù

Gbogbo yín ń pe orúkọ àwọn olówó. Owó ni wọ́n fi ń ṣe é! Ilé ìwé kan tí mo gbé ọmọ mi lọ ní Èkó, iye tí wọ́n pè fún sáà kan ju ọjà inú ṣọ́ọ̀bù mi lọ. Gbajúmọ̀ á lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, á ní kí á tètè gbé ọmọ lọ fún tẹ́rápì. Ta ló máa sanwó rẹ̀?

Olùkọ́ Abẹ́òkúta

Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá Onísọ́ọ̀bù, mi ò ní bá yín jiyàn. Ọdún 16 ni mo ti ń kọ́ irú àwọn ọmọ yìí, owó yìí náà ló ń lé èyí tó pọ̀ jù sílé. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ya ohun tówó ń rà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ìyá lè fi ìdérí ìgò ṣe.

Ìyá Bódìjà, ọmọ yín ti fi ohun tó fẹ́ràn hàn yín. Ẹ kó àwọn ìdérí yẹn sínú ike tó mọ́ gaara tí kò ní lè ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ jókòó sílẹ̀ kí ojú yín bá tirẹ̀ dọ́gba. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ gbé e sún mọ́ ojú yín, ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ dúró. Ẹ má pe orúkọ rẹ̀, ẹ má di orí rẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ á tẹ̀ lé ìdérí, á sì kan ojú yín. Bó ti kan án báyìí, ẹ ní "pupa!", kẹ́ ẹ fún un lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ẹ mú un, ẹ ní "pu…", kẹ́ ẹ dúró. Ọmọbìnrin kan lọ́dọ̀ mi, "pu" yẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ láyé, ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Irú nǹkan báyìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi ń kọ́ àwọn òbí nínú ètò tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń tọ́ ọmọ tó ní ìṣòro ìdàgbàsókè. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ibi púpọ̀ ò ní onímọ̀.

Èèyàn lè lọ síbi tí ìjọba ti ń wo àwọn ọmọ. Ẹ̀yin wà ní Ìbàdàn, UCH ò jìnnà sí yín, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé. Èkó ní ti Yábàá, wọ́n sì ní ibùdó ọmọdé ní Oṣòdì.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ sá fún ni àwọn ìwòsàn tó máa ń tẹ̀ lé ìtàn gbajúmọ̀ bí eṣinṣin. Tí wọ́n bá ní kí ọmọ má jẹ bọ́tà tàbí búrẹ́dì, owó àti wàhálà ni, kò sí ẹ̀rí tó lágbára pé ó ń wo ọ́tísíìmù. Ọmọ tí kì í jẹ ju ìrẹsì funfun àti búrẹ́dì lọ, kí lẹ fẹ́ kó jẹ? Àwọn kan tún ń ta omi kan tí wọ́n ń pè ní MMS. Ohun tí wọ́n fi ń bó aṣọ funfun ni o, ó ń jó ìfun ọmọ, ìjọba Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ lé e lórí lọ́pọ̀ ìgbà. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní chelation, tí wọ́n ní ó ń fa mẹ́kúrì jáde lára. Lọ́dún 2005, ọmọ ọdún márùn-ún kan kú ní Pennsylvania níbi tí wọ́n ti ń fa á sí i lára. Ọ́tísíìmù ò pa ọmọ yẹn.

Ará Salvador

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mò ń kọ́ni ní Yorùbá níbí ní Bahia, láti Ọ̀yọ́ ni mo ti wá. Mo fẹ́ fi ti Brazil kún un, torí ibẹ̀ ni mo ti rí gbajúmọ̀ tó lo òkìkí rẹ̀ síbi tó yẹ.

Marcos Mion ni orúkọ rẹ̀, àgbà olóòtú ètò tẹlifíṣọ̀n ni. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n níbí. Àkọ́bí rẹ̀, Romeo, ní ọ́tísíìmù. Ìtàn kan wà tó máa ń sọ. Ọdún Kérésìmesì kan, ó bi Romeo pé kí ló fẹ́ kí wọ́n rà fún un. Ọmọ olówó, ó lè ní ọkọ̀ ìṣeré tàbí fóònù. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín aláwọ̀ búlúù lòun fẹ́. Bàbá rò pé kò yé e ni, ó tún bèèrè. Búrọ́ọ̀ṣì búlúù náà ni. Nígbà tí wọ́n fún un, inú rẹ̀ dùn débi pé ojú gbogbo ilé là sí ohun tí ìtẹ́lọ́rùn jẹ́. Ìtàn yẹn ò sọ ohun tí ọmọ náà ò lè ṣe, ó sọ irú èèyàn tó jẹ́.

Wàyí o, ọjọ́ 8 oṣù kíní ọdún 2020, wọ́n fọwọ́ sí òfin 13.977. Lei Romeo Mion, ìyẹn Òfin Romeo Mion, ni gbogbo ayé ń pè é. Òfin yẹn ló dá káàdì ìdánimọ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ní ọ́tísíìmù. Ọ̀fẹ́ ni, ọdún márùn-ún ni wọ́n ń lò ó kí wọ́n tó tún un gbà. Ẹni tó bá mú un dání kò ní tò pẹ́ ní ọsibítù àti ní báǹkì. Mo ti rí ìyá kan tó fà á yọ níbi ìsanwó ṣọ́ọ̀bù kan, ọmọ rẹ̀ ti di etí méjèèjì, ó ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé owó wo káàdì, ó ní kí àwọn tó wà níwájú yà fún un. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé kí ló ṣe ọmọ náà, kò sẹ́ni tó ní kó nà án.

Ìyá Onísọ́ọ̀bù, ẹ wá gbọ́ eléyìí o. Òfin Mion ò dá dúró, àtúnṣe ló ṣe sí òfin kan tó ti wà ṣáájú, òfin 12.764 tọdún 2012. Lei Berenice Piana ni wọ́n ń pè é. Ta ni Berenice Piana? Ìyá kan lásán ni, kò ṣe eré rí, kò kọrin rí. Ọmọ rẹ̀ ní ọ́tísíìmù, kò rí ìtọ́jú, òun àti àwọn òbí bíi tirẹ̀ bá dìde, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn àwọn aṣòfin títí tí ó fi di òfin. Òfin yẹn ló sọ pé ẹni tó ní ọ́tísíìmù ní ẹ̀tọ́ gbogbo tí òfin fún aláàbọ̀ ara. Ọ̀gá ilé ìwé tó bá kọ ọmọ nítorí ọ́tísíìmù á san owó ìtanràn tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lọ ní Brazil lọ́nà mẹ́ta títí dé lọ́nà ogún. Gbajúmọ̀ gba ojú ọ̀nà tí ìyá yìí ti ṣán sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì béèrè ọ́tísíìmù nínú ètò ìkànìyàn 2022, èèyàn mílíọ̀nù 2.4 ló jáde.

Olùkọ́ Abẹ́òkúta

Ará Salvador, ẹ ṣeun fún èyí. Ó jọ ohun tí Arábìnrin Dọ̀tun Akande ṣe nílé níbí. Kò rí ibi tó tó fún ọmọ rẹ̀, ló bá dá Patrick Speech and Languages Centre sílẹ̀ ní Ìkẹjà lọ́dún 2006. Nàìjíríà náà lófin o: oṣù kíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ mú un dání tẹ́ ẹ bá ń lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀. Mo ti rí ọ̀gá ilé ìwé tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ nígbà tó rí bébà lásán.

Ará Peckham

Ti rédíò àti fídíò yẹn ni mo fẹ́ dá sí. Ẹ rọra o, ìyá. Níbí ní ìlú ọba, Katie Price, gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n, máa ń gbé ọmọ rẹ̀ Harvey jáde láti kékeré. Afọ́jú ni ọmọ náà, ó ní ọ́tísíìmù àti àìsàn mìíràn. Ó ṣe é láti fi hàn pé òun ò fi ọmọ òun pa mọ́, mo sì kan sárá sí i fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo èébú tí wọ́n bu ọmọ yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì! Wọ́n fi àwọ̀ ara rẹ̀ bú u, wọ́n fi àìlera rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá rẹ̀ ní láti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí wọ́n sọ irú èébú bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, ó lé ní 200,000 èèyàn tó fọwọ́ sí i. Katie Price ní lọ́yà, ó ní ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọmọ yín ni wọ́n máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ládùúgbò.

Ní ìdà kejì, Christine McGuinness àti Paddy, àwọn gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n jẹ́ tọkọtaya nígbà náà, ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n bí ló ní ọ́tísíìmù. Wọ́n bá BBC ṣe ètò kan lórí ẹ̀ lọ́dún 2021, ibi tí wọ́n ti ń wádìí ti àwọn ọmọ ni Christine ti mọ̀ pé òun gan-an ní in. Nígbà yẹn ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ara ẹni dùn ún sọ ju ọ̀rọ̀ ẹlòmíì lọ.

Ọmọ Ṣómólú

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Èmi náà ní ọ́tísíìmù. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń ṣòro fún mi, kíkọ rọ̀ mí lọ́rùn.

Àwọn gbajúmọ̀ òbí ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ìgbà púpọ̀ ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ wa bí ẹni pé a ò sí níbẹ̀. Autism Speaks, ẹgbẹ́ tó lówó jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, Bob Wright tó jẹ́ ọ̀gá NBC àti ìyàwó rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2005, ọmọ ọmọ wọn ló ní in. Lọ́dún 2009 wọ́n gbé fídíò kan jáde tó sọ ọ́tísíìmù di bí olè tó ń jí ọmọ gbé, tó ń tú ilé ká. Àwọn tó ní ọ́tísíìmù bínú gidigidi. Lọ́dún 2013, John Elder Robison, tó ní in tó sì wà lára àwọn tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 11, mo ṣì máa ń tọ̀ sílé. Ìyá mi dìde níwájú gbogbo ìjọ lọ́jọ́ ìsinmi kan, wọ́n sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n lè bá mi gbàdúrà. Ìyá mi fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Mo jókòó sẹ́yìn wọn, mò ń ka ihò ara pátákó àjà ilé. Wọ́n rò pé nítorí mi ò sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́. Ihò 214 ló wà nínú ẹyọ kan. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ti fún mi lórúkọ, mi ò sì fẹ́ kọ orúkọ yẹn síbí.

Ìyá, ọmọ yín ń gbọ́. Ẹ lọ sórí rédíò. Ẹ sọ bí ọkàn yín ṣe rí, bí ẹ ṣe rí ìtọ́jú, iye tẹ́ ẹ ná, ibi tí wọ́n ti lé yín. Ẹ fi ti ìgbẹ́, ti ìtọ̀, ti ẹkún rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá máa sọ, ẹ rò ó pé ó ti pé ọdún 20, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín. Fídíò ò ní kú o. Èyí tí wọ́n bá ya lónìí ni ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ lọ́la máa rí.

Ìyá Onísọ́ọ̀bù

Ọmọ Ṣómólú, pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Mo ń sọ irú nǹkan yẹn níwájú ọmọ tèmi lójoojúmọ́. Mo máa jáwọ́.

Ìyá Ìbejì, Houston

Èmi náà wà ní Houston, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ yín pé mo kí wọn. Ohun tí wọ́n rí ló ń dẹ́rù bà wọ́n, wọn ò rò ibi sí yín. Ní Texas níbí lọ́dún 2025, èéyi tún bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ọmọ méjì tí kò gbabẹ́rẹ́ ló kú. Amẹ́ríkà ti sọ láti ọdún 2000 pé òun ti ṣẹ́gun àìsàn yìí o. Ẹ fi ìyẹn ránṣẹ́ padà sí wọn.

Holly Peete tún ń sọ ohun kan tó kan àwa òbí aláwọ̀ dúdú níbí: bó ṣe ń kọ́ RJ ní ohun tó yẹ kó ṣe tí ọlọ́pàá bá dá a dúró. Ọmọ tí kì í wojú èèyàn, tí kì í tètè dáhùn, tó ń ju ọwọ́, ọlọ́pàá lè rò pé ó ń ṣe agídí. Mo ti ń kọ́ tèmi láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án: ọwọ́ síta, má sáré, sọ pé "mo ní ọ́tísíìmù". Gbajúmọ̀ ló jẹ́ kí n rántí pé ó yẹ kí n ṣe é. Kò sí dókítà tó sọ ọ́ fún mi.

Ìyá Bódìjà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣé, ẹ kú àbójútó. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Bàbá Ìjẹ̀bú bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún wákàtí kan ó lé. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ, iwájú ilé ló dúró sí. Lọ́jọ́rú, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ti gún un. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀ lálẹ́, ó ti lọ sílẹ̀ báyìí.

Mo ti ń ṣe ti ìdérí ìgò. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò wò mí rárá, ọwọ́ mi ló ń fà. Lánàá, mo gbé aláwọ̀ ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi, mo dákẹ́. Ojú rẹ̀ dé ibẹ̀. Kò pẹ́, bíi kéèyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Mo sáré fún un.

Mo sọ fún olóòtú pé èmi nìkan ni mò ń bọ̀. Mi ò ní pe orúkọ rẹ̀, wọn ò sì ní ya á. Inú rẹ̀ ò dùn, ó ní ètò náà ò ní wọ àwọn èèyàn lára tó. Mo ní kó pe ọkọ mi kún mi, ká jọ wá. Ọkọ mi ní òun máa rò ó.

Bàbá Ìjẹ̀bú

Ó máa wá. Ó ti bi mí léèrè irú aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ sọ ọjọ́ àti aago fún wa, ìyá, ká lè gbọ́ yín.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Òṣogbo

Ẹ kú oríire abẹ́rẹ́ o. Tó bá pé oṣù 15, ẹ gbé e padà fún ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ má gbàgbé káàdì rẹ̀.